Kí Ló Dé Tí 'Ship' Àti 'Sheep' Fi Ń Dún Bákan Náà Lẹ́nu Mi?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń kọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ tí mo bá ń bá àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n máa ń ní kí n tún un sọ. Ẹnì kan sọ fún mi pé fáwẹ́lì mi ni, pé 'ship' àti 'sheep' ò yàtọ̀ lẹ́nu mi. Ká sòótọ́, n kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì. Mo ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Ṣé ó ṣì lè ṣeé ṣe? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ti Bìrìtéènì ni kí n kọ́ ni àbí ti Amẹ́ríkà?"

Ó ṣì ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ orí dá yín lọ́wọ́ kọ́. Gbólóhùn kan wà nínú ìbéèrè yín tó wúwo ju ìyókù lọ: ẹ ní ẹ ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ tún fáwẹ́lì rẹ̀ ṣe, ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ fìyà jẹ: á ya ẹnu, á sún ètè jọ, á fa ohùn gùn títí ọ̀nà ọ̀fun á fi gbẹ. Ohun tí etí ò bá tíì yà sọ́tọ̀, ẹnu ò lè yà á sọ́tọ̀ kó pẹ́. Ó lè bọ́ sí i lónìí, kó tún sọnù lọ́la, torí pé kò sí etí tó ń ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí etí yín ti mọ̀. Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ló wà nínú Yorùbá: a, e, ẹ, i, o, ọ, u, àwọn àránmúpè sì tẹ̀ lé wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ìwé atúmọ̀ èdè Bìrìtéènì ń fi pípè rẹ̀ hàn ní nǹkan bí 20 ìró fáwẹ́lì. Ti Amẹ́ríkà dín díẹ̀ sí i. Etí tó dàgbà sínú Yorùbá dà bí ẹni tó ní agbọ̀n méje nílẹ̀: ìró yòówù tó bá dé, inú agbọ̀n tó bá sún mọ́ ọn jù ló máa jù ú sí, kò sì ní fura pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lòun kó pọ̀. Èyí kì í ṣe àléébù. Ìwádìí tí Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1992 fi hàn pé ọmọ oṣù 6 lásán ti ń fi etí èdè ilé rẹ̀ gbọ́ fáwẹ́lì. Ohun tó ti wà lára yín láti ìgbà ọmọ ọwọ́ ni ẹ fẹ́ fi nǹkan kún. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ pa á rẹ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti yá wọ èdè wa. Ẹ gbọ́ bọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì àti bọ́ọ̀lù. Lẹ́nu elédè Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ́lì mẹ́ta tí kò jọra ló wà nínú 'bus', 'nurse' àti 'ball'. Ọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dà lọ́dọ̀ wa. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni 'nurse', 'shirt' àti 'skirt'. Fáwẹ́lì kan náà làwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń pè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ẹ wo ohun tí a sọ wọ́n dà: nọ́ọ̀sì, ṣẹ́ẹ̀tì, síkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan gba ọ, méjì gba ẹ. Tó bá jẹ́ pé etí nìkan ló gbà wọ́n wọlé, ibì kan náà ni wọn ì bá jọ wọ̀. Èrò tèmi ni pé ojú dá sí i: a rí 'u', a lọ sí ọ, a rí 'i', a lọ sí ẹ.

Ojú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọtọ́ Yorùbá kì í purọ́ lórí fáwẹ́lì. Ẹ rí ẹ, ẹ pe ẹ, ó parí. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ní nínú lẹ́tà yìí la máa ń gbé lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí kò ti sí ohun tó gbé e ró. 'Woman' di 'women', lẹ́tà kejì ò yí padà rárá, síbẹ̀ fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ yí padà pátápátá: 'o' inú 'women' ń dún gẹ́gẹ́ bí 'i' inú 'ship'. Ìtàn ló fà á. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ Westminster ní 1476, àkọtọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sójú kan nígbà tí fáwẹ́lì fúnra wọn ṣì wà lẹ́nu ìrìn. Láàárín nǹkan bí 1400 sí 1700, gbogbo fáwẹ́lì gígùn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣí kúrò láyè rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, 'i' inú 'time' ń dún bíi i Yorùbá tí a fà gùn, 'ou' inú 'house' ń dún bíi u gígùn, 'ee' inú 'see' sì sún mọ́ e wa. Ìpè ti lọ, lẹ́tà ò bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kọ́ àwọn àmì ìpè tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìró èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Parisi ní 1886 ni wọ́n ti wá, àwọn tó kan fáwẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì ò sì pọ̀ tó ohun tó ń dẹ́rù bani. Tí ẹ bá ti mọ̀ wọ́n, ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun lójú ìwé kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lé gbogbo 20 náà lẹ́ẹ̀kan o. Wọn ò wúwo bákan náà, ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ti ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú nìyẹn. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé rọrùn: ìyàtọ̀ yòówù tí odindi àgbègbè àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í ṣe, ẹ lè fi í sílẹ̀ ná. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Scotland, 'pull' àti 'pool' kò yàtọ̀. Nítorí náà, bí 'full' àti 'fool' bá dún bákan náà lẹ́nu yín, kò sí ẹni tó máa kú. Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 'put' àti 'putt' jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà àti Kánádà ló ń pe 'cot' àti 'caught' bákan náà. Àwọn olùkọ́ kan á tún ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yí fáwẹ́lì inú 'face' àti 'goat' láti ibì kan lọ sí ibòmíràn nínú ẹnu. Ó dára bí ẹ bá lè ṣe é, àmọ́ àwọn ará Scotland àti ọ̀pọ̀ ará àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe fáwẹ́lì tó dúró sójú kan níbẹ̀, tó sún mọ́ e àti o Yorùbá gan-an, wọ́n sì ń gbọ́ wọn yé. Ẹ má sun oorun yín nù lórí ìyẹn.

Ti 'ship' àti 'sheep' kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ń yà wọ́n, Edinburgh ń yà wọ́n, New York ń yà wọ́n, Sydney ń yà wọ́n. Bákan náà ni 'bed' àti 'bad'. Ẹni tó kó wọn pọ̀ ń da ọ̀rọ̀ rú lójú gbogbo olùgbọ́ láìka ibi tó ti wá sí. Ibẹ̀ ni kí agbára yín lọ.

Ìdáhùn sí ìbéèrè Bìrìtéènì àbí Amẹ́ríkà wà nínú ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn. Ẹ wo àwọn tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ jù, kí ẹ mú ìpè tiwọn. Ẹ kàn má máa fò láti ọ̀kan sí èkejì láàárín gbólóhùn kan náà. Ohun tó ya méjèèjì jù lórí fáwẹ́lì ni 'r': nínú 'bird' àti 'car', ará Amẹ́ríkà máa ń gbé ahọ́n fún 'r' náà kó dún, ará Lọ́ńdọ̀nù kì í pè é rárá. Iṣẹ́ etí kò yàtọ̀, èyí tó wù kí ẹ mú.

Ó yá, 'ship'. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ ọmọ nílé ìwé ni pé 'sheep' gùn, 'ship' kúrú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, torí pé wọ́n á pe i kan náà, wọ́n á kàn fa ọ̀kan gùn. Gígùn fáwẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì kì í dúró sójú kan. Ó máa ń kúrú bí p, t, k, f tàbí s bá tẹ̀ lé e, ó sì máa ń gùn sí i bí b, d, g, v tàbí z bá tẹ̀ lé e. Fáwẹ́lì 'beat' tí wọ́n pè ní gígùn àti ti 'bid' tí wọ́n pè ní kúkúrú lè gba àkókò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí wá ni elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ipò ahọ́n ni. 'Sheep' jẹ́ i Yorùbá, ẹ ti ní in lẹ́nu. 'Ship' wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀ lọ sí àárín ẹnu.

Bí ẹ ṣe máa rí i nìyí. Ẹ pe i, kí ẹ mú un dúró, kí ẹ wá jẹ́ kí ahọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí e láì dá èémí dúró: iiii, títí tó fi di eeee. Ẹ tún un ṣe, ẹ lọ́ra sí i. Ní agbedeméjì, ẹ ó kọjá lórí ìró kan tí kì í ṣe i mọ́, tí kò sì tíì di e. Ẹ dúró níbẹ̀. Ètè gbọ́dọ̀ dẹ̀, kó má fẹ̀ bí ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa ṣe yín bíi pé e gan-an lẹ̀ ń pè. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe yín bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá máa ṣì í, ó sàn kí ẹ ṣì í sí apá e ju kí ẹ padà sọ́dọ̀ fáwẹ́lì i lọ, torí pé i ni ibi tí ara yín máa fẹ́ sá padà sí. Ẹ wá lo ó nínú 'sit' àti 'seat', 'live' àti 'leave', 'fill' àti 'feel'.

Àǹfààní ńlá kan wà tí ẹ ní, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fojú kéré rẹ̀. Ahọ́n Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọlẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré kí ìtumọ̀ sì yí padà: ṣé yàtọ̀ sí ṣẹ́, kó yàtọ̀ sí kọ́. Àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì tàbí ti Japan ní fáwẹ́lì márùn-ún péré, ìyàtọ̀ e sí ẹ kò sí lọ́dọ̀ wọn. Àtẹ̀gùn tí ẹ ti ń gùn tí ẹ sì ń sọ̀ láti kékeré ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́. Fún 'bed', fáwẹ́lì ẹ tiwa dára púpọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún 'bad', ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi fáwẹ́lì ẹ yẹn, kí ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n sọ̀ kalẹ̀ sí i, kí ahọ́n ṣì wà níwájú. Ará Amẹ́ríkà máa ń dúró láàárín ẹ àti a. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí ti sún mọ́ a pátápátá. A Yorùbá fúnra rẹ̀ ò burú níbẹ̀, bí kò bá ṣáà ti di ẹ.

Ọ ló ń kó wa sí wàhálà jù, torí pé àwọn ìró tó ń dà sínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó pe 'cut' bíi kọt, 'cot' tàbí 'caught' lolùgbọ́ ń gbọ́. Ẹni tó pe 'work' bíi wọk, 'walk' ló dé etí ẹlòmíràn, kí ẹ sì wo bí 'I work there' ṣe jìnnà sí 'I walk there' tó. Ohun tó ṣọ̀kan nínú 'cut' àti 'work' ni pé ètè wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ti ọ sì rí roboto. Nítorí náà, ẹ wá dígí. Ẹ pe 'cut' kí ẹ máa wo ètè yín. Bó bá ká jọ díẹ̀ báyìí, ọ ti wọlé nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti a, kí ẹ pa àgbọ̀n dé díẹ̀, kí ó kúrú. Fún 'work', 'bird', 'nurse' àti 'shirt', ẹ sinmi gbogbo ẹnu, kí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ súnmọ́ra, kí àárín ahọ́n gbéra díẹ̀, kí ẹ sọ ohùn jáde láì tì í síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ẹ sì fà á gùn. Ìró tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ronú ohun tí wọ́n máa sọ ni. A ò ní ohun tó jọ ọ́ nínú Yorùbá, ìyẹn sì ṣe yín láǹfààní. James Flege, tó kọ̀wé lórí bí àgbàlagbà ṣe ń kọ́ ìró èdè tuntun ní 1995, sọ pé ìró tó jọ ti ilé ló máa ń ṣòro jù, pé èyí tó jìnnà sí ti ilé rọrùn láti fún ní àyè tirẹ̀. Ó tún dúró lórí rẹ̀ pé agbára tí ọmọdé fi ń kọ́ ìró kì í kúrò lára àgbàlagbà.

Bí ẹ bá mú ìró yẹn, tí ẹ gé e kúrú, tí ẹ sì gba gbogbo agbára lára rẹ̀, ẹ ti dé ibi fáwẹ́lì tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kò ní lẹ́tà tirẹ̀. Àmì rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè ni ə, e tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ 'about', ní ìparí 'doctor', nínú sílébù kejì 'problem'. Bí mo bá ní agbára láti fi ohun kan ṣoṣo sí etí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ Yorùbá, òun ni mo máa mú, kódà ṣáájú 'ship'. Nínú Yorùbá, kò sí sílébù tí kò ní ohùn: òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, a máa ń bọ̀wọ̀ fún gbogbo sílébù, a ń pè é délẹ̀, a sì gbé ìwà yìí wọ Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà gba a gidi ní ìparí, dókítà náà gbà á. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sílébù kan ni wọ́n máa ń fún lágbára, ìyókù á rọ. Ẹ wo 'photograph': agbára wà lórí sílébù àkọ́kọ́, ti àárín sì di ə. Ẹ sọ ọ́ di 'photographer', agbára á ṣí lọ sí sílébù kejì, ti àkọ́kọ́ tó lágbára tẹ́lẹ̀ á wá di ə. Tí ẹ bá pe gbogbo fáwẹ́lì inú rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, olùgbọ́ ò ní mọ èwo lòpó ọ̀rọ̀ náà. Bóyá ìdí tí wọ́n fi ń ní kí ẹ tún un sọ nìyẹn ju ti 'ship' lọ.

Ó kan àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké náà: 'to', 'for', 'of', 'was', 'can'. Nínú 'I can go', 'can' máa ń rọ títí fáwẹ́lì rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Bí ẹ bá pè é délẹ̀, pàápàá létí ará Amẹ́ríkà, ó lè gbọ́ 'can't'. Ẹ ní ẹ lè lọ, ó gbọ́ pé ẹ ò lè lọ.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà n náà wà. Nínú àkọtọ́ wa, in, un, an, ẹn àti ọn jẹ́ fáwẹ́lì àránmúpè. N tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì, imú ló ń tọ́ka sí. Tí a bá gbé e wọ 'sin' tàbí 'ten', fáwẹ́lì á gba imú jáde, ahọ́n ò sì ní kan ibì kankan. Ẹ jẹ́ kí orí ahọ́n kan èrìgì òkè kí ọ̀rọ̀ tó parí.

Nípa etí, ọ̀nà kan wà tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní 1991, àwọn olùwádìí Logan, Lively àti Pisoni fi 'r' àti 'l' Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn àgbàlagbà tó ń sọ èdè Japan, tí wọn kì í gbọ́ ìyàtọ̀ wọn. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n yan èyí tí wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ bóyá wọ́n gbà á. Etí wọn là. Nígbà tí Bradlow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997, ìpè ẹnu wọn pẹ̀lú dára sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní pípè. Ohun méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀: ohùn tó pọ̀, àti èsì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ olùkọ́ kan ṣoṣo lórí fídíò á mọ ohùn olùkọ́ yẹn, kò ní mọ fáwẹ́lì. Peterson àti Barney ti fi èyí hàn ní 1952, nígbà tí wọ́n gba ohùn èèyàn 76, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, tí wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ bíi 'heed', 'hid', 'head', 'had', 'hud' àti 'heard'. Fáwẹ́lì kan lẹ́nu ẹnìkan lè bọ́ sí àyè fáwẹ́lì mìíràn lẹ́nu ẹlòmíràn lórí ìwọ̀n ẹ̀rọ.

Ẹ lọ sí ìkànnì YouGlish tàbí Forvo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá 'ship' àti 'sheep' lẹ́nu èèyàn púpọ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan máa tẹ̀ ẹ́ fún yín láìjẹ́ kí ẹ rí ojú ẹ̀rọ, kí ẹ máa sọ èyí tí ẹ gbọ́, kó sì máa sọ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́ dára ju wákàtí gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti ń gbà á ju bí ẹ ṣe ń ṣì í lọ dáadáa, ẹ wá gba ohùn ara yín sílẹ̀, kí ẹ fi wé tiwọn. Bí ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀rọ, Praat, ètò orí kọ̀ǹpútà tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì máa ya àwòrán fáwẹ́lì yín síwájú yín.

Ní ti fóònù, òun fúnra rẹ̀ ń bá yín jà. Ìlà tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ju ìwọ̀n 300 sí 3400 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, apá kan lára ohun tó ya i sọ́tọ̀ wà ní àgbègbè 300 yẹn. Ẹni tó ń gbọ́ yín ò tún rí ètè yín. Nítorí náà, títí etí yín á fi là, ẹ máa fi ọ̀rọ̀ mìíràn ti ọ̀rọ̀ tó léwu lẹ́yìn: dípò kí ẹ dá 'sheet' sọ, ẹ sọ 'a sheet of paper'. Iye owó àti nọ́ńbà ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. 'Fifteen' àti 'fifty' jọra gan-an, agbára tó wà lórí sílébù kejì 'fifteen' àti sílébù àkọ́kọ́ 'fifty' ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́, 'n' ìparí sì gbọ́dọ̀ dún. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pè é, ẹ tún pe nọ́ńbà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 'one five' tàbí 'five zero', kí ẹ sì ní kí ẹni tó wà lódì kejì ka ohun tó kọ sílẹ̀ padà fún yín.